Ògiri tí ó Lanu: Ìtàn Aràn Kọ̀ǹpútà ti Ọdún 1988

Ìtàn olè kì í bẹ̀rẹ̀ ní òru tí olè wọlé. Láti ọjọ́ tí onílé ti rí i pé ilẹ̀kùn òun kò ṣeé tì mọ́, tí ó sì wí nínú ara rẹ̀ pé bí ó bá di ọ̀la òun yóò pe káfíńtà, ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1988 rí. Àwọn tí ó ń sọ ìtàn náà a máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí ọmọkùnrin tí ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ gbòǹgbò ọ̀ràn ní láti wo ilé náà kí ó tó wo olè.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì di ọjà tí gbogbo ayé ń ná. Àwọn yunifásítì, àwọn ilé ìwádìí àti àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ ológun kan ni wọ́n so kọ̀ǹpútà wọn mọ́ ara wọn, kí ọ̀mọ̀wé tí ó wà ní Berkeley lè kọ̀wé sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston, kí ó sì rí èsì gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí okùn náà kò ju nǹkan bí 60,000 lọ. Ẹni mímọ̀ ni wọ́n ka ara wọn sí; nítorí náà, bí ará abúlé tí kì í ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, wọn kò ka ìṣọ́ra sí nǹkan bàbàrà. Kọ̀ǹpútà kan tilẹ̀ lè ní àkọsílẹ̀ àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó fọkàn tán. Ẹni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí wá, a kì í bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1988, Robert Tappan Morris, ọmọ ọdún 22 tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè gíga ní Yunifásítì Cornell, tú ètò iṣẹ́ kan sílẹ̀ sórí okùn náà. Kọ̀ǹpútà kan ní MIT ni ó ti tú u sílẹ̀, kí a má baà mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni ó ti wá. Ètò iṣẹ́ ni àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí Morris kọ yìí lè wá ọ̀nà wọ inú kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó sì tún ara rẹ̀ dà kọ síbẹ̀. Aràn ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́. Kòkòrò àrùn ti kọ̀ǹpútà ní láti so mọ́ ètò iṣẹ́ mìíràn kí ó tó lè rìn, ṣùgbọ́n aràn ń dá fà lọ fúnra rẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí ó gbà wọlé ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan wà nínú sendmail, ètò iṣẹ́ tí ń pín lẹ́tà kiri. Àwọn tí ó kọ ọ́ ti fi ọ̀nà ẹ̀bùrú kan sínú rẹ̀ kí wọ́n lè máa fi dán iṣẹ́ wọn wò, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀dà rẹ̀ sì dé ọwọ́ àwọn tí ń lò ó láìjẹ́ pé a dí ọ̀nà náà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè kọ àṣẹ sí ibi tí ó yẹ kí orúkọ ẹni tí a kọ̀wé sí wà. Kọ̀ǹpútà yóò sì ṣe é láìjiyàn.

Ti finger ni ó gba àlàyé jù, nítorí pé irú rẹ̀ ni ó tún padà wá yọ ayé lẹ́nu jù lọ. Iṣẹ́ finger kò ju pé kí ó dá ẹni tí ó bá béèrè lóhùn nípa àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà kan. Àyè àmì 512 ni ẹni tí ó kọ ọ́ pèsè sílẹ̀ fún ìbéèrè, ó sì dá a lójú pé àyè náà tó, ó ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí finger fi ń ka ìbéèrè wọlé, èyí tí a ń pè ní gets nínú èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ C, kì í wọn ohun tí ó ń gbà. Bí a bá ti ń dà á ni yóò máa gbà á. Àmì 536 ni aràn Morris dà sí i. Níbo wá ni 24 tí ó lé lọ? Wọ́n ṣàn bo ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè náà. Lára ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ibi tí kọ̀ǹpútà yóò padà sí bí ó bá parí iṣẹ́ kékeré náà. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé ìránṣẹ́ tí ọba fi àrokò rán sí ìlú kejì. Bí ọ̀tá bá dọ́gbọ́n pààrọ̀ àrokò inú àpò rẹ̀ lójú ọ̀nà, ìránṣẹ́ kò ní mọ̀. Ohun tí àrokò tuntun bá wí ni àwọn tí ó gbà á yóò ṣe, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí ó yẹ ọba. Kọ̀ǹpútà náà padà sí ibi tí aràn ní kí ó padà sí, àṣẹ aràn ni ó sì bá níbẹ̀.

Bí ilẹ̀kùn wọ̀nyí bá kọ̀, aràn yóò máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri. Yóò fi orúkọ ẹni tí ń lo kọ̀ǹpútà dán an wò, yóò kà á láti ẹ̀yìn wá, yóò pè é lẹ́ẹ̀mejì pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò kan ọ̀rọ̀ 432 tí Morris tò sínú rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀ràn náà ti di ọ̀rọ̀ ilé. Robert Morris, bàbá ọmọ yìí, ni àgbà onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó ààbò kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1979, òun àti Ken Thompson ti tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Nínú 3,289 tí wọ́n kó jọ yẹ̀ wò, 2,831 ni ó rọrùn láti wá rí: òmíràn kúrú jù, òmíràn sì wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ọdún mẹ́sàn-án ni ìkìlọ̀ bàbá ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó fi ohun tí ó kìlọ̀ fún ṣiṣẹ́.

Ọmọ náà kò pète láti ba kọ̀ǹpútà kankan jẹ́. Ohun tí a gbọ́ nílé ẹjọ́ ni pé ó fẹ́ fi hàn bí ààbò ṣe mẹ́hẹ tó. Aràn rẹ̀ kò sì pa ìwé ẹnikẹ́ni rẹ́. Ìṣirò ni ó ṣì í lọ́wọ́. Aràn a máa béèrè bóyá irú rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà kan, kí méjì má baà pàdé. Ṣùgbọ́n Morris bẹ̀rù pé àwọn alábòójútó yóò kọ́ kọ̀ǹpútà wọn láti purọ́ pé ó ti wà níbẹ̀. Nítorí náà, ó ní kí aràn dúró síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú méje, èsì yòówù tí ó lè rí. Ẹ̀ẹ̀kan nínú méje ti pọ̀ jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, aràn ti pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè ṣe iṣẹ́ mìíràn. Iye tí a máa ń dá ni 6,000, ṣùgbọ́n ìfojúdíwọ̀n ni, a kò kà á. Ọ̀rẹ́ Morris kan ní Harvard fi ìwé àìlórúkọ ránṣẹ́ ní òru náà láti tọrọ àforíjì àti láti ṣàlàyé bí a ṣe lè dá aràn dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti gé okùn wọn nítorí ìbẹ̀rù, okùn náà sì ni ìwé ìbá gbà kọjá.

Ní ọdún 1990, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Syracuse dá Morris lẹ́bi lábẹ́ òfin ọdún 1986 lórí ìlòkulò kọ̀ǹpútà: ọdún mẹ́ta lábẹ́ ìṣọ́, láìlọ sí ẹ̀wọ̀n, iṣẹ́ ìlú fún wákàtí 400, àti owó ìtanràn dọ́là 10,050. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, pé òun kò ní ìbàjẹ́ lọ́kàn. Ní ọdún 1991, ilé ẹjọ́ dáhùn pé wíwọlé láìgbàṣẹ ni òfin béèrè bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, kì í ṣe ìbàjẹ́ tí ó tẹ̀lé e. Ìdájọ́ náà tọ́. Síbẹ̀, apá kan ọ̀ràn ni ó kàn. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Alángbá nìkan ni a sì gbé lọ sílé ẹjọ́. James P. Anderson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí kan fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ní ọdún 1972 pé ètò iṣẹ́ tí kì í wọn ohun tí ó ń gbà lè jẹ́ kí àjèjì kọ àṣẹ lé àṣẹ. Ọdún 16 ni ìwé náà fi ṣáájú aràn.

Ní oṣù kan náà tí aràn jáde, ìjọba Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ CERT sílẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon, kí ó máa kéde àbùkù tí a bá rí. Ìkéde dára, ṣùgbọ́n etí méjì ni ó ń gbọ́ ọ: ti onílé àti ti olè. Ní oṣù keje ọdún 2002 ni Microsoft fi àtúnṣe kan síta nítorí àbùkù tí ó jọ ti finger. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, aràn tí a ń pè ní Slammer gba ibẹ̀ wọlé, ó sì mú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú nǹkan bí kọ̀ǹpútà 75,000 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọdún 2011 ni a tó yọ gets kúrò pátápátá nínú ìlànà èdè C.

WannaCry dé ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017. Àwọn ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ó kọlù. Wọ́n darí ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn sí ibòmíràn, wọ́n dá ẹni tí ó ti múra fún iṣẹ́ abẹ padà sílé, àwọn dókítà sì padà sí orí bébà àti bíírò. Àtúnṣe tí ìbá gbà wọ́n ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kẹta.