Èdè Ògù lójú Pátákó Àgbádárìgì
Ẹni tí ó bá gba òpópónà márosẹ̀ láti Òkòkòmáíkò lọ sí ìwọ̀-oòrùn yóò rí "Badagry" lójú pátákó. Ẹnu mẹ́ta ni orúkọ náà ti kọjá. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Ògù, tí Yorùbá ń pè ní Ègùn, Agbadagreme ni, ìyẹn oko Agbada. Yorùbá sọ ọ́ di Àgbádárìgì. Òyìnbó gé e kúrú, ti Òyìnbó ni ìjọba sì ń kọ.

Ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin láti dáàbò bo èdè ìbílẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá nìkan ni àkọlé òfin náà dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ èdè Ògù ni wọ́n ń sọ láti Àgbádárìgì títí dé Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin.

Ní ọjà ẹrú Vlekete, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá àlejò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ òrìṣà Ògù ló ṣíwájú, pẹ̀lú lẹ́tà kan tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá.