Ọmọ Tí Ọmọ Bí: Agbára Òbí Àgbà ní Ara àti Ẹdẹ

Láyé àtijọ́, bí ọmọbìnrin tí kò tíì relé ọkọ bá fẹ́ra kù ní Ara, ní Ẹdẹ tàbí ní ìlú mìíràn lágbègbè Ọ̀ṣun, ohun tí àwọn àgbà ilé kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, "Ta ló loyún?" Kì í ṣe torí àtidójú tì í nìkan. Èsì rẹ̀ ló máa sọ agbo ilé tí yóò ni ọmọ, oríkì tí wọn yóò máa fi kì í, àti ilẹ̀ tí yóò fi dáko tó bá dàgbà.

Bó bá ti lè dárúkọ ọkùnrin, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó ti di ti ilé sí ilé. Àwọn àgbà obìnrin á mú un lọ bá ẹbí ọmọkùnrin náà. Bí wọ́n bá gbà pé àwọn ló loyún, ètò ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìyá ọkọ ni yóò sì máa wẹ ọmọ, tí yóò máa pọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá sẹ́, bàbá ọmọbìnrin náà á gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí ọmọ tó bí fúnra rẹ̀. Ọmọ tí obìnrin ilé bí kì í ṣe àlejò nílé ìyá rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá: ó lè gbé ibẹ̀, ó lè dáko lórí ilẹ̀ ẹbí. Lórí oyè ni ààlà sábà máa ń wà, torí ọ̀pọ̀ ìdílé ọlọ́yè ló máa ń wo ọmọ ọkùnrin ilé kí wọ́n tó wo ti obìnrin.

Ọjọ́ ìkómọ ni gbogbo èyí máa ń hàn. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde lọ́dún 1921, kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì tó jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n á da omi sórí òrùlé, wọ́n á gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀ kí omi kán sí i lára. Bó bá ké, inú wọn á dùn. Igbá omi á wà nílẹ̀, àwọn àgbà á máa ju owó sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ju owó á sì sọ orúkọ tó fún ọmọ. Bó bá jẹ́ bàbá tó bí ìyá ọmọ ló kọ́kọ́ ju owó, tí ẹnikẹ́ni ò sì ti ilé ọkọ wá, gbogbo àdúgbò ti mọ ilé tó lọmọ. Kò sí ìwé, kò sí òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí pọ̀.

Ẹni tí wọn kì í sábà bi léèrè ohun tó fẹ́ ni ọmọbìnrin tó bímọ. Ó yẹ ká sọ ọ́ síta, torí àwọn tó ń yin àṣà yìí máa ń fò ó. Wọ́n lè fà á lé ọkùnrin tí kò wù ú lọ́wọ́, kìkì torí pé oyún ti wà.

Kóòtù ìbílẹ̀ tí òfin ọdún 1914 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò bá àṣà yìí jà: bàbá tó bí ọmọ ló ṣì lọmọ. Nínú ẹjọ́ Alake àti Pratt lọ́dún 1955, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbà pé, ní àṣà Yorùbá, ọmọ tí bàbá bá ti gbà ní ọmọ rẹ̀ lè bá àwọn yòókù pín ogún, bí wọn ò tiẹ̀ ṣègbéyàwó kí wọ́n tó bí i. Òfin kóòtù ìbílẹ̀ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tó jáde lọ́dún 1957 wá ní ire ọmọ ni kóòtù gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Lọ́dún 1989, nínú ẹjọ́ Okwueze, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà sọ ọ́ kedere pé ẹ̀tọ́ tí àṣà fún bàbá kò lè borí ire ọmọ. Bàbá, ìyá àti ọmọ ni gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí ń dá lé lórí. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ìyá àgbà.

Bẹ́ẹ̀, àsìkò yẹn gan-an ni iṣẹ́ ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ní January 1955, nígbà tí Tìmì Láoyè wà lórí ìtẹ́ l'Ẹ́dẹ, ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Láti 1979, ìjọba Bọ́lá Ìgè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ara àti Ẹdẹ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, sọ ti girama náà di ọ̀fẹ́. Ọmọbìnrin tó bá lóyún wá ní nǹkan tó lè pàdánù, àwọn òbí ò sì fẹ́ kó pàdánù rẹ̀. Ìyá àgbà á gba ọmọ bó bá ti já lẹ́nu ọmú, á máa fún un ní ògì, ìyá rẹ̀ á padà sí kíláàsì, nílùú mìíràn lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ á máa pe ìyá àgbà ní "Màámi", á sì máa pe ẹni tó bí i ní "Àǹtí". Ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 sí 19 ní Nàìjíríà, 19 ló ti bímọ tàbí tó wà nínú oyún.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé jáde lọ́dún 2003, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lójú òfin yìí, kò sì tó fẹ́. Bí ìyá àti bàbá ò bá tíì fẹ́ ara wọn nígbà tí wọ́n bí ọmọ, ìyá ni òfin gbé ẹ̀tọ́ òbí fún. Ìtẹ̀síwájú ńlá lèyí jẹ́ fún ọmọbìnrin tí wọn kì í bi léèrè tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ọmọdé kan náà tí òfin ń dáàbò bò ni òfin tún di ẹrù òbí lé lórí, ìyá àgbà tó ń bá a gbé e kò sì ní ẹ̀tọ́ kan ju kó lọ bẹ kóòtù.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti kojú ọ̀rọ̀ yìí. Lábẹ́ òfin àwọn ọmọdé ti ọdún 1989 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òbí àgbà sábà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ kóòtù kó tó lè pe ẹjọ́ nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ní Jámánì, bí ìyá tí kò lọ́kọ kò bá tíì pé ọdún 18, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ló máa di alágbàtọ́ ọmọ lójú òfin, ìyá rẹ̀ sì ni yóò ṣì máa tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kóòtù ibẹ̀ lè fi òbí àgbà rọ́pò ọ́fíìsì náà.

Ìyẹn gan-an ló yẹ kí àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wò. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, tí dókítà fẹ́ kí òbí fọwọ́ sí i kó tó ṣiṣẹ́ abẹ, tí ìyá rẹ̀ sì wà nílé ìwé l'Ékòó, ìwé wo ni obìnrin tó ti ń tọ́ ọ láti ọdún mẹ́fà fẹ́ mú dání? Ó yẹ kí ọ́fíìsì wẹ́fíà lè kọ ìwé kan fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ìyá ọmọ fọwọ́ sí i, kó sì lè gba ìwé náà padà nígbà tó bá fẹ́.