Láti Ìlò dé Àmì: Ìtàn Èjìká Gígé lára Gìtá Oníná

1. Ìfáárà

Yorùbá máa ń fi ẹ̀yà ara ènìyàn sọ ẹ̀yà nǹkan mìíràn lórúkọ: ojú abẹ́rẹ́, ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ tábìlì. Gìtá kò yàtọ̀. Ó ní orí, ó ní ọrùn, ó ní ara, ara náà sì ní èjìká méjì àti ìbàdí. Gẹ̀ẹ́sì náà rí ọrùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé tí a fi kọ́ èmi níwèé kò rí i. Manche ló pè é, ìyẹn èèkù, bí èèkù ọ̀bẹ. Èdè méjèèjì tún pàdé níbi tí ọrùn ti wọ inú ara gìtá: gìgísẹ̀ ni wọ́n jọ pè é.

Èjìká ni bébà yìí dá lé. Lára ọ̀pọ̀ gìtá oníná, wọ́n gé èjìká kan kúrò, èyí tó wà níhà okùn tínrín, kí ọwọ́ òsì lè dé ibi tí ohùn ti ga jù lọ. Wọ́n fi èjìká kejì sílẹ̀. Láti ọdún 1954 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti fi hàn pé a lè gé méjèèjì, ọwọ́ á sì tún rọrùn sí i. Síbẹ̀ gìtá eléjìká gígé kan kò parẹ́ títí di òní. Kí ló fà á?

Ìdáhùn tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé èjìká gígé bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìlò fún ọwọ́, ó sì di àmì fún ojú. Nígbà tí nǹkan bá sì ti di àmì, ìrọ̀rùn nìkan kò tó láti yí i padà. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè, pàápàá ẹni tó bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun.

2. Òkè wo ni à ń wí?

Kí a tó lọ síwájú, ọ̀rọ̀ méjì ní láti yé wa. Èkíní ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò dábùú ọrùn gìtá. Mo pè é ní ìlà-irin nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí atagìtá bá sọ nọ́ńbà ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà, irin yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń kà. Faransé kì í ka irin. Àyè tó wà láàárín irin méjì ló ń kà, case ló sì ń pè é. Iye kan náà ni àwọn méjèèjì ń rí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wò yàtọ̀. Ní ìlà-irin 12, okùn ti di ìdajì gígùn rẹ̀. Ohùn tí a gbọ́ lára okùn lásán ni a tún gbọ́ níbẹ̀, àmọ́ ní ipele tó ga jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni òkè. Bí ọwọ́ òsì bá ṣe ń sún mọ́ ara gìtá ni ohùn ń gòkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí atagìtá bá gbé gìtá kọ́ra, orí gìtá ló sábà máa ń ga ju ara rẹ̀ lọ. Ọwọ́ ń sọ̀ kalẹ̀, ohùn ń gòkè. Òkè tí à ń wí yìí, òkè etí ni, kì í ṣe òkè ojú. Òkè kan náà ni a ní lọ́kàn tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohùn òkè nínú gírámà Yorùbá. Faransé kò lo òkè nìkan: aigu ló ń pe irú ohùn bẹ́ẹ̀, ìyẹn ohun tó mú bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni Faransé fi ń pe àmì tí àwa ń fi sórí fáwẹ̀lì olóhùn òkè.

3. Ṣáájú iná mànàmáná

Gìtá Sípéènì tí a mọ̀ láti sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ní ọrùn tó pàdé ara ní ìlà-irin 12. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀ wà lórí ara gìtá, níbi tí èjìká ti dí ọwọ́ lọ́nà. Èyí kì í ṣe wàhálà ńlá nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ gìtá nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni láti gbá okùn púpọ̀ pọ̀ kí ó lè gbé orin dúró fún àwọn yòókù.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà ni pé wọ́n ti ara gìtá sẹ́yìn. Ní 1922, ilé-iṣẹ́ Gibson ní Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan, Amẹ́ríkà, gbé gìtá L-5 jáde lábẹ́ ọwọ́ Lloyd Loar. Ọrùn rẹ̀ ní ìlà-irin 14 kí ó tó kan ara. Ní 1929 ilé-iṣẹ́ Martin ṣe irú rẹ̀ fún Perry Bechtel, ẹni tí báńjò ti mọ́ lọ́wọ́. Ọrùn báńjò gùn, èjìká kò sì sí níbẹ̀ tí yóò dènà. Ẹni tó ti báńjò bọ́ sórí gìtá ni yóò tètè mọ̀ pé ìdènà wà.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a gé èjìká náà. Ní Paris, Mario Maccaferri, ọmọ Ítálì tó ń ta gìtá tó sì ń ṣe é, ya àwòrán gìtá kan fún ilé-iṣẹ́ Selmer, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1932. Èjìká kan lára rẹ̀ ti di gígé. Gìtá Selmer ni a mọ̀ mọ́ Django Reinhardt. Iná ti jó ọwọ́ òsì rẹ̀ ní 1928, ìka méjì ló sì ń lò jù tó bá ń dá orin ta. Ẹni tí ìka rẹ̀ kò pé báyìí, àyè tó ṣí sílẹ̀ ṣe pàtàkì fún un. Gibson náà gé èjìká L-5 ní 1939. Orúkọ ìlú Ítálì méjì ni wọ́n fi ń ya oríṣi gígé sọ́tọ̀: ti Venice rí kìrìbìtì, ti Florence sì ní ṣóńṣó.

Ṣùgbọ́n gígé yìí ní owó tirẹ̀. Gìtá tí inú rẹ̀ ṣófo ń fi igi ojú rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dún. Bí a bá gé èjìká, a ti dín àyè méjèèjì kù. Ìyẹn ni pé a ń fi díẹ̀ nínú ohùn ra ọ̀nà fún ọwọ́.

4. Gìtá tí kò nílò ikùn

Ní 1936 Gibson gbé ES-150 jáde, gìtá tó ń lo iná mànàmáná. Charlie Christian lò ó nínú ẹgbẹ́ Benny Goodman láti 1939, ó sì fi ń dá orin ta ní ohùn kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fọn fèrè. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò gé èjìká ES-150. Iṣẹ́ tuntun ló kọ́kọ́ dé. Ara gìtá ló ń tẹ̀ lé e.

Nígbà tó jẹ́ pé mágínẹ́ẹ̀tì ló ń gbọ́ ìgbọ̀n okùn, ikùn tó ṣófo kò pọn dandan mọ́. Leo Fender, ní Fullerton, ìpínlẹ̀ California, fi igi pákó kan tó le gbagidi ṣe gìtá ní 1950, ó gé èjìká kan, ó sì fi síkúrù mẹ́rin de ọrùn mọ́ ara. Òun ni wọ́n wá pè ní Telecaster ní 1951. Gibson fèsì ní 1952 pẹ̀lú gìtá tó ń jẹ́ orúkọ atagìtá Les Paul. Ìlà-irin 22 ni èyí ní, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ọrùn rẹ̀, ọrùn náà sì pàdé ara ní ìlà-irin 16.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti 17 dé 22, ìlà-irin mẹ́fà wà lórí ara. Gígé tó wà níhà okùn tínrín ń jẹ́ kí ìka wọlé. Àmọ́ ìka nìkan kọ́ ló ń ta gìtá. Àtàǹpàkò ń ti ọrùn láti ẹ̀yìn, ẹ̀yìn yìí gan-an sì ni gìgísẹ̀ nípọn sí. Èjìká kejì náà dúró síbẹ̀, kò jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ kọjá. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń lo irú gìtá yìí fi ní láti yí ọwọ́ rẹ̀ padà bó bá ti kọjá ìlà-irin 15. Yóò gbé ọrùn gìtá sókè díẹ̀, yóò dín okùn tó fi gbé e kọ́ èjìká kù kí gìtá má baà rẹlẹ̀ jù. Yóò jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ sún mọ́ ìhà, kí ọrùn ọwọ́ sì jáde síwájú. Àtàǹpàkò yóò kúrò láàárín ẹ̀yìn ọrùn, yóò fara ti ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ tàbí etí ọrùn gìtá. Ẹni tó bá ń fi àtàǹpàkò fún ọrùn gìtá pinpin níbẹ̀, ọwọ́ ni yóò dùn ún, ìka rẹ̀ kò sì ní dé ibi tó ń lọ.

5. Wọ́n gé méjèèjì, wọ́n tún padà

Fender gé èjìká méjèèjì lára Stratocaster ní 1954. Gibson ṣe bẹ́ẹ̀ lára Les Paul Junior ní 1958. Nígbà tó di 1961, ó yí Les Paul fúnra rẹ̀ padà sí gìtá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ oníwo méjì, tí ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta tán. Les Paul kò fẹ́ kí orúkọ òun wà lára rẹ̀ mọ́, SG ni wọ́n wá ń pè é. Ní ti ọwọ́, ìdènà ti tán. Ní ti igi, ibi tí ọrùn fi di ara mú ti dín kù, orí gìtá sì máa ń fẹ́ wọ́lẹ̀ tí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀.

Láàárín ọdún 1960 sí 1969, àwọn atagìtá ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí àtijọ́ kiri. Eric Clapton lo Les Paul eléjìká gígé kan nínú àwo tó bá John Mayall ṣe ní 1966, ọ̀pọ̀ sì fẹ́ irú ohùn yẹn. Ní 1968, Gibson dá a padà sọ́jà. Àwọn oníbàárà mọ̀ pé SG rọrùn fún ọwọ́ jù ú lọ. Wọ́n fẹ́ ohùn Les Paul, wọ́n sì fẹ́ ìrísí rẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù pé ìrísí yẹn ti di àmì wà ní ilé-ẹjọ́. Ní 2000, Gibson pe ilé-iṣẹ́ Paul Reed Smith lẹ́jọ́ nítorí gìtá wọn tó ń jẹ́ Singlecut, pé ó jọ àmì-ìdánimọ̀ ọjà òun. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá títà rẹ̀ dúró. Ní 2005, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Gibson gbà pé ẹni tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, tó fọwọ́ kan gìtá, kò lè ṣì í mú. Ẹni tó jókòó lókèèrè nínú ilé ọtí tí èéfín kún, tó ń wo ẹni tó ń ta gìtá, ni wọ́n ní ó lè ṣì í. Ilé-ẹjọ́ kò gba àlàyé yẹn, nítorí pé lókèèrè ọ̀pọ̀ gìtá ló jọra. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé: ohun tí wọ́n gé nítorí ọwọ́ ẹni tó ń ta gìtá, ojú ẹni tó ń wò ó ni wọ́n ń ṣẹjọ́ lé lórí.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tó bá kàwé ní Faransé mọ irú èyí. A ń kọ temps, a kò pe p, a kò pe s. Lẹ́tà méjèèjì ti ní iṣẹ́ nígbà kan nínú èdè Látìn. Lónìí, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé ojú fi wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀ láàárín tant, tend àti taon tí ẹnu ń pè bákan náà. Ó rọrùn fún ọwọ́ láti yọ wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi yan èjìká gígé gẹ́gẹ́ bí orúkọ, tí n kò pè é ní ọ̀nà ọwọ́. Bí a bá fi ìlò sọ nǹkan lórúkọ, ìlò lè lọ kí nǹkan náà sì wà síbẹ̀, orúkọ yóò wá máa purọ́. Lára Les Paul, ọ̀nà ọwọ́ kò ṣí tán láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Èjìká tí wọ́n gé ni ojú ń rí, òun náà ló sì kù.