Fíìmù Tí A Lè Jọ Wò Nílé Lálẹ́, Àti Ìtàn Ẹ̀gbá Tó Wà Nínú Wọn

Àwọn òbí kan ti ń bi wá pé, "Pásítọ̀, fíìmù wo la lè bá àwọn ọmọ wò lálẹ́ Sátidé?" Àwọn mìíràn ní ṣé Kristẹni tiẹ̀ lè wo fíìmù tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà, tí wọ́n ti ń pọfọ̀. Ẹ jẹ́ ká dáhùn méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ rántí ibi tá a ti ń bọ̀.

Lọ́dún 1922, àlùfáà Ẹ̀gbá kan, Josiah Ransome-Kuti, kọrin ìyìn Ọlọ́run ní Yorùbá sínú àwo giramafóònù ní London. Ẹ̀rọ tuntun dé, ó fi ìhìnrere sí i. Lọ́dún 1944, Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọ́sà tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, ṣe eré kan lórí ọgbà Édẹ́nì láti fi wá owó fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó. Ibẹ̀ ló ti gbéra, tó fi ṣe fíìmù Àiyé lọ́dún 1979. Lọ́dún 1985, Mike Bamiloye dá Mount Zion sílẹ̀, Agbára Ńlá tí wọ́n ṣe sì wọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ ò rí i pé ẹsẹ̀ fíìmù Yorùbá kan wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì látìbẹ̀rẹ̀? Kí la wá ń sá fún?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú fíìmù mẹ́rin tó kan ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Èkíní ni Lisabi: The Uprising, tó jáde lórí Netflix ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Apá kejì rẹ̀ tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní ọdún 2025. Oògùn àti ọfọ̀ wà níbẹ̀, a ò purọ́. Torí náà, ẹ má fi ọmọ kékeré sílẹ̀ níwájú ẹ̀ lóun nìkan. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ìtàn sọ: àáró ni Lísàbí fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí wọ́n á bá ọ ro oko, lọ́la ìwọ náà á bá wọn ro tiwọn. Ẹgbẹ́ àáró yìí ló di ọmọ ogun tó lé àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ tó ń ni àwọn ènìyàn lára. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ìṣọ̀kan ló ṣẹ́gun, kí wọ́n má lọ rò pé oògùn ni. Ẹ tún sọ fún wọn pé Abẹ́òkúta ò tíì sí nígbà ayé Lísàbí. Inú igbó Ẹ̀gbá àtijọ́ ni wọ́n wà. Ọdún 1830 ni àwọn tí ogun lé kúrò níbẹ̀ tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn.

Èkejì ni Funmilayo Ransome-Kuti, tí Bolanle Austen-Peters ṣe, tó dé sinimá lọ́dún 2024. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá àwọn ọmọbìnrin yín wò ó. Ọkọ ìyá yìí, ọmọ àlùfáà tá a dárúkọ lókè yẹn, àlùfáà lòun náà, ọ̀gá ilé ìwé Abeokuta Grammar School sì ni. Àwọn obìnrin tó kàwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ìyá yìí ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé ni ọ̀rọ̀ ìyà wọn wá hàn: wọ́n ń gba ìrẹsì wọn, owó orí sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ọmọkùnrin á pé ọdún 16 kó tó san owó orí, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san tiẹ̀! Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ jókòó sí ààfin Aké. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ọdún 1950 ló padà. Ẹni tó bá ní kí obìnrin ìjọ máa dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́ aláìní jẹ, kó lọ wo fíìmù yìí.

Ẹ̀kẹta ni Ayinla (2021), iṣẹ́ Tunde Kelani, tó dàgbà sí Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ àgbà. Àgbàlagbà nìkan ni kó wo ìyẹn: ọtí ń bẹ, obìnrin ń bẹ, ìjà ń bẹ. Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò, olórin àpàlà tí gbogbo ìlú mọ̀, bá máníjà rẹ̀ àtijọ́ jà lórí alùpùpù kan nílé ọtí ní Àgọ́-Ìkà, lọ́jọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980. Ife ọtí lọ́kùnrin yẹn là mọ́ ọn lórí. Bó ṣe kú nìyẹn, torí alùpùpù! Ẹ̀yin ọkùnrin tí ìbínú yín yá, ìwàásù wà níbẹ̀ fún yín.

Ẹ̀kẹrin ni Màámi (2011), Kelani kan náà ló ṣe é, látinú ìwé Femi Osofisan. Abẹ́òkúta ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀: ìyá kan tí kò lówó, tó ń fi gbogbo agbára tọ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré lẹ fẹ́ wò pẹ̀lú àwọn ọmọ, ìyẹn ni kí ẹ mú.

Ẹ má gbàgbé pé eré leré ń jẹ́. Wọ́n á fi iyọ̀ sí i kó lè dùn. Tí kò bá ye ọmọ, ẹ dá a dúró, ẹ ṣàlàyé. Tí ẹ̀yin náà ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ pe màmá àgbà lórí fóònù. Ohun tó ń dùn wá jù ni pé àwọn àgbà ń lọ, ìtàn ń bá wọn lọ, àwọn ọmọ wa sì lè dárúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal láì mọ ẹni tó ń jẹ́ Ṣódẹkẹ́. Nígbà tí Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, Jóṣúà ní kí wọ́n kó òkúta méjìlá jọ, kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kí bàbá sì rí nǹkan sọ. Àwa ọmọ abẹ́ òkúta, ìdáhùn wo la ní fún àwọn ọmọ tiwa?

Torí náà, lálẹ́ Sátidé yìí, ẹ ro láfún yín, ẹ se ewédú, ẹ pe gbogbo ilé jókòó. Tí iná bá lọ, ẹ pa ìtàn náà lẹ́nu. Ẹ kọ èyí tí ẹ bá wò sísàlẹ̀, kí ẹ sì sọ ìbéèrè tí àwọn ọmọ bi yín.

Olúwa á pa ilé wa mọ́ o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí òbí mìíràn.