Èéfín àti Òfin ní Ilé Ọtí: Ìtàn kan láti San Francisco

Ìtàn òfin tí ó lé sìgá jáde kúrò nínú ilé ọtí ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò, pàápàá ilé ọtí àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin ní ìlú San Francisco, ní Amẹ́ríkà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé òfin lè gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kí iṣẹ́ tí ó bá wá má sì jẹ́ ọ̀kan.

Ní nǹkan bí ọdún 1950, ilé ọtí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti lè pàdé. Ìjọba dá ìwé àṣẹ ọtí títà ti ilé Black Cat dúró nítorí irú àwọn oníbàárà tí ó ní. Sol Stoumen tí ó ni ilé náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní 1951, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ California dájọ́ pé pípàdé wọn níbẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀sùn. Síbẹ̀ ìjọba kò sinmi. Ìwé àṣẹ náà bọ́ ní 1963. Irú ìrírí báyìí ni ó sọ òfin di ọ̀tá lójú wọn.

Ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni oníṣòwò ń wá. Ní 1990, ẹgbẹ́ ACT UP ní kí ẹnikẹ́ni má ra sìgá Marlboro mọ́, nítorí pé ilé iṣẹ́ Philip Morris ń ti Jesse Helms lẹ́yìn, aṣòfin tí ń tako ẹ̀tọ́ wọn. Ní 1991, ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí owó fún gbígbógun ti àrùn éèdì, ìjà sì parí. Ní 1992, ìpolówó sìgá rẹ̀ jáde nínú Genre, ìwé ìròyìn àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Ní 1995, ilé iṣẹ́ R. J. Reynolds pète bí yóò ṣe ta sìgá Camel fún wọn ní àdúgbò Castro, àti fún àwọn aláìnílé ní Tenderloin. SCUM ni orúkọ tí wọ́n fún ètò náà nínú ìwé ìkọ̀kọ̀ wọn. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni èérí. Bí ẹnì kan bá rò pé ọ̀rẹ́ ni oníṣòwò sìgá, orúkọ yìí tó láti là á lójú.

Òfin tí California ṣe ní 1994 dé ilé ọtí ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1998. Àárín àwọn òfin iṣẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Èéfín kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ń bu ọtí fún oníbàárà, tí kò fi sìgá kan ẹnu rí, ń fà á símú títí di òru. Àwọn oníṣègùn yẹ àwọn 53 tí ń ta ọtí ní onírúurú ilé ọtí ìlú náà wò, ṣáájú òfin yìí àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn 39 ni ó ní ikọ́ tàbí ìnira èémí tẹ́lẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, 23 nínú wọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A kò lè bá ẹni tí ó fura wí, nígbà tí òfin tún kan ilẹ̀kùn tí ó ti kàn rí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ti yàtọ̀. Òfin àtijọ́ ń béèrè irú ènìyàn tí ó wà nínú ilé. Ti 1998 ń béèrè irú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Ó ka àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sí òṣìṣẹ́ bí òṣìṣẹ́ yòókù. Nítorí náà ni mo fi gbà pé òfin sìgá yẹ ní ibi tirẹ̀ nínú ìtàn ẹ̀tọ́, bí ó ti ní in nínú ìtàn ìlera.