Iyọ̀ Ló Ń Jẹ Abẹ́ Ọkọ̀, Kì í Ṣe Òtútù

Òtútù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá lẹ́bi bí abẹ́ ọkọ̀ bá jẹrà ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀bi iyọ̀ ni. Ní 1938 ni ìpínlẹ̀ New Hampshire bẹ̀rẹ̀ sí í dán iyọ̀ wò lójú títì kí yìnyín lè yọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àṣà náà tàn kálẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé irin ti ń dípẹtà kí iyọ̀ tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ kì í tètè dì, ó ń lẹ̀ mọ́ irin, ó sì ń mú kí ìpẹtà yára gan-an.

Ọ̀dà dúdú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kùn sábẹ́ ọkọ̀ láti dènà ìpẹtà. Ó dára bó bá ṣì tutù. Bó bá gbẹ tó sì sán, omi á gba ojú sísán wọlé, irin á máa jẹrà lábẹ́ ọ̀dà tó ṣì ń dán lójú. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Kurt Ziebart, mẹkáníìkì ní Detroit, fi ṣe pàtàkì ní 1959: ó ń lu ihò sára ọkọ̀ kó lè fọ́n oògùn ìpẹtà sínú kọ̀rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ló yẹ kó gbé ẹrù dídènà ìpẹtà. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni ilé iṣẹ́ Porsche bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin tí wọ́n fi síńkì bò ṣe ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ 911; síńkì ni iyọ̀ á kọ́kọ́ jẹ kó tó kan irin.