Àwọn Ẹ̀ka Ọ̀nà tó Wọ Ọ̀nà Zubaydah

Sùbẹ́dátù kì í ṣe orúkọ àjèjì láàárín àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá. Ilé kéwú tí kò ní ọmọ kan tó ń jẹ́ ẹ kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ pé orúkọ yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó la aṣálẹ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá já kò pọ̀ láàárín wa. Darb Zubaydah ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Ọ̀nà Zubaydah. Ìlú Kufa ní ilẹ̀ Ìráàkì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, Mẹ́kà ni ó parí sí, ó sì gùn ju 1,400 kìlómítà lọ. Fún nǹkan bí 500 ọdún ni àwọn tó ń ti Baghdad, ilẹ̀ Páṣíà àti àwọn ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn lọ sí hájì fi tọ̀ ọ́. Olówó lórí ràkúnmí, tálákà lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

A máa ń gbọ́ nínú wàásù pé Zubaydah ló la ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A kò bá oníwàásù kankan jà, ṣùgbọ́n ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀nà kan kò sì wọ Mẹ́kà. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tó ń wọ inú ọ̀nà ńlá yìí bí odò kéékèèké ṣe ń wọ inú odò Ọya. Àwọn tó gbẹ́ kànga sí ojú wọn ṣiṣẹ́ ribiribi, síbẹ̀ a kì í sábà dárúkọ wọn. Nítorí àwọn ni a ṣe mú gègé lónìí.

Kí a tó dé orí wọn, ẹ jẹ́ kí a fi ti ọ̀nà ńlá ṣe ìpìlẹ̀. Kí wọ́n tó bí Zubaydah ni ìjọba ti ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà náà. Ní ọdún 134 Hijira (751 sí 752), as-Saffah, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ kálífà ní ìdílé Abbas, pàṣẹ pé kí wọ́n ri òkúta tó ń sọ iye máìlì mọ́lẹ̀ láti Kufa dé Mẹ́kà, kí wọ́n sì ṣe ibi tí a ó ti máa dáná kí ẹni tó bá ń rìn lóru má ṣìnà. Ní ọdún 161 (777 sí 778), kálífà al-Mahdi fi kún un: ó ní kí wọ́n kọ́ ilé ìsinmi, kí wọ́n gbẹ́ kànga, kí wọ́n sì mọ adágún. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yaqtin ibn Musa ni ó fi ṣe alábòójútó. Ẹ̀yìn èyí ni Zubaydah dé, ọmọ-ọmọ kálífà al-Mansur, aya Harun ar-Rashid tó jọba láti 786 sí 809. Ohun tó ṣe tí orúkọ rẹ̀ fi bo ti gbogbo àwọn yòókù mọ́lẹ̀ ni omi. Ó fi owó ara rẹ̀ ṣe kànga àti adágún sójú ọ̀nà. Ní Mẹ́kà fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n la òkè olókùúta kí omi tó jìnnà lè wọ ìlú. Òpìtàn al-Mas'udi kọ ọ́ pé owó tó ná sórí omi yẹn tó 1,700,000 owó wúrà dínárì. Baghdad ni ó kú sí ní ọdún 216 (831). Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Omi yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà. Ibùdó ńlá 27 ló wà láti Kufa dé Mẹ́kà, ibùdó kékeré 27 sì wà láàárín wọn. Kò sí odò tó ń ṣàn ní gbogbo ojú ọ̀nà yẹn. Òjò díẹ̀ ni ó ń rọ̀ láàárín ọdún, bó bá sì rọ̀, àgbàrá rẹ̀ á sáré gba àfonífojì kọjá, iyanrìn á sì fà á mu. Ohun tí àwọn mọlémọlé ìgbà náà ṣe ni pé wọ́n fi òkúta dínà àgbàrá kó lè yà sínú kòtò kan tí kò tóbi. Níbẹ̀ ni iyanrìn àti ẹrẹ̀ á ti rọlẹ̀, omi tó tòrò á wá ṣàn wọ inú adágún ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ti rẹ́ ara ògiri rẹ̀ kó má baà jò. Àwọn ìyá wa tó ń gbe omi òjò sínú ìkòkò mọ ọgbọ́n yìí: jẹ́ kó tòrò kí o tó bù ú. Ọ̀kan nínú àwọn adágún náà, al-Kharaba, ṣì wà ní apá àríwá ìlà-oòrùn ìlú Taif títí di òní. Roboto ni, àtẹ̀gùn òkúta sì yí inú rẹ̀ ká títí dé ìsàlẹ̀.

Nísinsin yìí, àwọn ẹ̀ka. Èyí tó gùn jù nínú wọn ni ti Basra, ní gúúsù ilẹ̀ Ìráàkì. Ó jìnnà sí ọ̀nà Kufa, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni àwọn méjèèjì kọjú sí, wọ́n sì pàdé nítòsí Dhat Irq, níbi tí àwọn ará Ìráàkì ti ń dá àníyàn hájì tí wọ́n sì ń wọ aṣọ funfun rẹ̀. Abu Musa al-Ash'ari, sàhábà Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ẹni tó di gómìnà Basra ní 638, ni wọ́n sọ pé ó gbẹ́ kànga sí àfonífojì al-Batin. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ibẹ̀: Hafar Abi Musa, kànga tí Abu Musa gbẹ́. Ibẹ̀ ti di ìlú ńlá lónìí, Hafar al-Batin ni wọ́n ń pè é. Gómìnà tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, Abdullah ibn Amir, wa omi ní an-Nibaj tó wà níwájú lójú ọ̀nà kan náà. Òun náà ló tún ṣe adágún omi sí Arafat. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: iṣẹ́ àwọn méjèèjì yìí fi nǹkan bí 150 ọdún ṣáájú iṣẹ́ Zubaydah.

Ẹ̀ka kejì ti ìlú Wasit wá, ìlú tó wà láàárín Kufa àti Basra. Lójú rẹ̀ ni Lina wà, ibi tí kànga pọ̀ sí, inú òkúta gan-an ni wọ́n sì gbẹ́ wọn sí. Yaqut, ẹni tó kọ ìwé ńlá nípa àwọn ìlú, tó kú ní 1229, ròyìn ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa wọn. Wọ́n ní Ànábì Sulaiman ń lọ sí Yemen pẹ̀lú ogun rẹ̀, wọ́n sọ̀ síbẹ̀, òùngbẹ sì gbẹ wọ́n gidigidi. Ni àlùjànnú kan nínú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ànábì bi í léèrè, ó ní òun ń rẹ́rìn-ín àwọn tí òùngbẹ fẹ́ pa nígbà tí omi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ni wọ́n bá gbẹ́ òkúta, omi sì jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kó gba ìtàn àlùjànnú náà gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi sílẹ̀. Ohun tí àwa rí dìmú nínú rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ka ọ̀nà ò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó mọ ibi tí omi wà lábẹ́ ilẹ̀ ló ni ọ̀nà, àwọn darandaran àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n kí kálífà kankan tó mọ̀.

Ẹ̀ka kẹta kò wọlé, ńṣe ló yà kúrò. Ní Ma'din an-Naqira, ẹni tó ń ti Kufa bọ̀ á dé oríta: ọ̀kan lọ sí Mẹ̀dínà, èkejì gba ar-Rabadha lọ sí Mẹ́kà. Ar-Rabadha yìí ni kálífà Umar fi ṣe pápá ìjẹko àwọn ẹṣin àti ràkúnmí ìjọba. Ibẹ̀ náà ni sàhábà ńlá nì, Abu Dharr, gbé ní òpin ayé rẹ̀, tó sì kú sí ní ọdún 32 (652 sí 653). Ìtàn sọ pé ojú ọ̀nà ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ sí nítorí pé kò sí ẹni tí yóò sin ín, títí àwọn èrò láti Kufa fi dé, tí Abdullah ibn Mas'ud wà láàárín wọn, tí wọ́n sì kírun sí i lára.

Kò yẹ kí a fo Fayd, tó wà ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà Kufa. Ibẹ̀ ni àwọn èrò ti máa ń fi apá kan oúnjẹ wọn pa mọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ìlú, kí ẹrù lè fúyẹ́ títí wọn yóò fi dé Mẹ́kà. Bí wọ́n bá ń darí bọ̀, wọ́n á gbà á padà. Ìwé ìrìn-àjò Ibn Battuta, ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá ní 1326, mẹ́nu bà á. Ẹ wo irú ìfọkàntán bẹ́ẹ̀ láàárín àlejò àti onílé!

Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú kọ́ ló gbé ní ìrẹ́pọ̀ báyìí. Àwọn Karmatí, ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ kan, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lu àwọn tó ń ti hájì bọ̀. Ní 906 wọ́n pa èèyàn rẹpẹtẹ lójú ọ̀nà, wọ́n sì ba kànga jẹ́. Ní 924 wọ́n tún dá èrò lọ́nà. Ní 930 wọ́n wọ Mẹ́kà, wọ́n gbé Òkúta Dúdú lọ, ó sì di 951 kí wọ́n tó dá a padà. Àárín rògbòdìyàn yìí ni ar-Rabadha parun, bó sì ṣe parun ló jẹ́ kí a kọ àpilẹ̀kọ yìí. Yaqut ṣàlàyé pé ìjà ló wà láàárín àwọn ará ar-Rabadha àti àwọn ará Dariyya, ìjà náà kò sì tán. Dariyya, ibùdó kan lójú ẹ̀ka ọ̀nà Basra ni! Àwọn ará Dariyya ké sí àwọn Karmatí kí wọ́n wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 319 (931), àwọn ará ar-Rabadha kó ẹrù wọn, wọ́n fi ìlú sílẹ̀, ibùdó tó dára jù lójú ọ̀nà Mẹ́kà sì di ahoro. Ìlú ẹ̀ka ọ̀nà kan ló fa ọ̀tá wọ ìlú ọ̀nà ńlá. Nígbà tí a bá ń ka ìtàn yìí bí ẹni pé àlejò òǹrorò nìkan ló ba ọ̀nà hájì jẹ́, a kò ka apá tó kan àwọn aládùúgbò méjì tó jọ ń kírun.

Ọ̀nà náà kò kú lọ́jọ́ kan. Ibn Jubayr tó gbà á ní 1184 ṣì bá omi níbẹ̀, ó sì yin Zubaydah gidigidi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn Mọ́ńgólì pa Baghdad run ní 1258, kò sí ìjọba tó ń tún kànga ṣe mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá, èrò sì ń dín kù.

Ìwé ló tún jí i. Ní 1969, onímọ̀ kan ní Riyadh, Hamad al-Jasir, tẹ ìwé àtijọ́ kan jáde tí wọ́n kà sí ti al-Harbi, ẹni tó kú ní 898, tó to àwọn ibùdó àti kànga lẹ́sẹẹsẹ. Láti 1979 ni Sa'd ar-Rashid àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì King Saud ti wa ilẹ̀ ar-Rabadha, wọ́n sì bá mọ́sálásí, ilé, adágún, owó àti ìkòkò níbẹ̀. Ó kọ ìwé rẹ̀ nípa Darb Zubaydah jáde ní 1980. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti kẹ́kọ̀ọ́ ti ń padà sójú ọ̀nà ńlá náà báyìí. Àwọn ẹ̀ka kò rí irú ojú rere bẹ́ẹ̀: títì ọlọ́dà ti bo òmíràn, iyanrìn sì ti bo òmíràn. Síbẹ̀, bí òjò bá rọ̀ ní aṣálẹ̀, omi ṣì máa ń kún inú díẹ̀ lára àwọn adágún àtijọ́ náà, àwọn darandaran a sì kó ràkúnmí wọn wá mu.